Bí A Ṣe Lè Ran Ẹni Tó Ń Pe Áńbúláǹsì Léraléra Lọ́wọ́

Màmá kan wà tí gbogbo wa ní yàrá ìgbafóònù mọ ohùn rẹ̀. Kí aago méje alẹ́ tó lù, ìpè rẹ̀ ti wọlé: àyà ń dun òun, èémí òun ò délẹ̀. Ọkọ̀ á gbéra. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á sì padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún di bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, àwọn kan nínú wa ti ń mí kanlẹ̀ bí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà rẹ̀. Èmi náà wà lára wọn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ọjọ́ tí a jókòó tì í láìkánjú la tó gbọ́ pé aago méje gan-an ni olóògbé ọkọ rẹ̀ máa ń ti ìlẹ̀kùn, tí á wá jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Tìmùtìmù rẹ̀ ṣì tẹ̀ wọnú níbi tí bàbá máa ń fẹ̀yìn tì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí tí kò sẹ́ni tó máa ti ìlẹ̀kùn, àyà màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ìrora á sì tẹ̀ lé e. Ìrora ọ̀hún kì í ṣe irọ́. Bó ṣe ń dùn ún náà ló ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ áńbúláǹsì, fún nọ́ọ̀sì àti dókítà, àti fún ẹbí tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé. Nọ́ńbà pàjáwìrì nìkan ni ilẹ̀kùn tí ẹni yìí mọ̀ pé bí òun bá kàn án, ẹnì kan á dáhùn. Kí a tó ní kó má kàn án mọ́, ó yẹ kí a ti bá a wá ilẹ̀kùn mìíràn tó máa ń ṣí.

Ta ni ẹni tó ń pè léraléra?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣùwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ áńbúláǹsì ń lò ni pé kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 pè láti ilé rẹ̀ ní ìgbà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù kan, tàbí ìgbà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Iye yìí dára láti fi mọ ẹni tó yẹ kí a bẹ̀ wò. Kò dára láti fi dájọ́. Ẹni tí wárápá ń ṣe tí oògùn rẹ̀ ò tíì bá a mu lè pè ní ìgbà mẹ́fà lóṣù, kí gbogbo rẹ̀ sì tọ́. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìnagijẹ. Ìnagijẹ tí a bá sọ ẹni lẹ́yìn kì í pẹ́ hàn nínú ohùn tí a fi ń dá a lóhùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó àwọn ìpè náà jọ sójú kan

Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ìpè oṣù mẹ́ta sẹ́yìn sí i: ọjọ́, aago, ohun tí aláìsàn sọ, ẹni tó gbé fóònù, ohun tí a bá nílé, àti bóyá a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má kọ èrò yín sí i ná. Ẹ kàn kọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tí ẹ bá kà á tán, ẹ óò rí nǹkan tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ò lè rí, torí ẹni tó lọ lọ́jọ́ Ajé kọ́ ló lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé alẹ́ nìkan ni? Ṣé òpin ọ̀sẹ̀ ni, nígbà tí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í sí nílé? Ṣé ìgbà tí oògùn ti tán nílé ni? Ṣé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn ló bẹ̀rẹ̀, àbí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀? Ẹ wo ẹni tó ń pè dáadáa pẹ̀lú. Nígbà mìíràn aláìsàn fúnra rẹ̀ ò pè rárá. Òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ló ń pè, torí wọn ò kọ́ ọ ní bí a ṣe ń gbé ẹni tó ṣubú tí kò farapa dìde. Ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ̀hún ni ẹ óò ràn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìpè tòní, ìpè tuntun ni

Èyí ló ṣòro jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Ìgbà ogójì tí a lọ tí a ò bá nǹkan kan kò sọ ohunkóhun nípa ìgbà kọkànlélógójì. Àwọn tó ń pè léraléra sábà máa ń ní àìsàn tó lágbára lára, ohun tó sì ń ṣe wọ́n lè yí padà láàárín ọjọ́ kan.

Bàbá kan tó máa ń mutí pè wá lóru ọjọ́ kan. A ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ pọ̀ lẹ́nu, òógùn bò ó, ó ń bínú. Ẹnì kejì mi ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọtí ni. Ọmọdé òṣìṣẹ́ kan tó wà pẹ̀lú wa kàn gún un níka láti wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa ṣe fún gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ ò bá pé. Nọ́ńbà tó jáde lójú ẹ̀rọ ni 2.1 lórí òṣùwọ̀n mmol, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà nísàlẹ̀ 4. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ọtí máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, pàápàá lára ẹni tí kò jẹun, àmì méjèèjì sì jọra débi pé ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ká ní a fi í sílẹ̀ kó sùn, kò ní jí.

Nítorí náà, bó ti wù kí a mọ ẹni náà tó, àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní ìdúnàádúrà. Àyà dídùn tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n. Ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tí kò ṣeé gbé, ọ̀rọ̀ tí kò já geere. Ètè tó ń di aró. Wárápá tó lé ní ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó fi orí gbálẹ̀ tó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó ní òun fẹ́ pa ara òun. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wáyé, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ kí i lọ́jọ́ tí kò pè

Ẹ bá a dá ọjọ́, kí ẹ lọ láìsí ariwo ọkọ̀ àti àpò oògùn. Ẹ jókòó. Ẹ bọ́ fìlà iṣẹ́. Ìbéèrè tí kò yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni "Kí ló dé tí ẹ fi ń pè wá tó báyìí?" torí ẹ̀sùn ló máa gbọ́ nínú rẹ̀, àwíjàre ló sì máa fi dáhùn. Èyí tí èmi máa ń béèrè nìyí:

"Ẹ jẹ́ ká padà sí wákàtí kan kí ẹ tó gbé fóònù. Kí lẹ ń ṣe? Ta ló wà nílé?"

"Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn kí ẹ tó pè wá?"

"Kí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín jù pé ó lè ṣẹlẹ̀?"

"Tí a bá dé, kí ni nínú ohun tí à ń ṣe tó máa ń jẹ́ kí ara tù yín?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ti là mí lójú ju gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ lọ. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Ẹ máa ń pe orúkọ mi." Òmíràn ní ìgbà tí a bá wọn ìfúnpá òun nìkan ni ẹnì kan máa ń fọwọ́ kan òun. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn òun ṣì ń lù dáadáa, torí lójú òun ni ẹ̀gbọ́n òun ṣe ṣubú lulẹ̀ tó kú. Ìdáhùn mẹ́ta, ìrànlọ́wọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá fi hàn pé ayé ti sú u, ẹ bi í léèrè tààrà: "Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi kí ẹ pa ara yín?" Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń mí ìmí ìtura pé ẹnì kan bi wọ́n. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí oníṣègùn ọpọlọ yóò fi gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó dìde, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá dókítà rẹ̀ àti àwọn yòókù sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ dárúkọ àwọn tí ẹ máa sọ ọ́ fún, ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá inú ara kí ẹ tó wá inú ọkàn

Ó rọrùn láti ní "ìdánìkanwà ni" ká sì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpè ló ní ohun kékeré kan nínú ara tí kò sẹ́ni tó wá a rí.

Ẹni tó ń ṣubú, ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, kí ẹ ní kó dìde, kí ẹ tún un wọ̀n títí ìṣẹ́jú mẹ́ta á fi pé. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tìsàlẹ̀ fi 10, ìdìde ló ń gbé e ṣubú, ó sì lè jẹ́ oògùn rẹ̀ ló fà á. Dókítà ló máa yẹ oògùn náà wò. Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbà tó yẹ ojú wò kẹ́yìn, àti iná tó wà láàárín ibùsùn àti ilé ìtọ̀.

Ẹni tí èémí ń ṣe, ẹ ní kó lo ínhélà rẹ̀ lójú yín. Mo rí ọkùnrin kan tó ti ń lò ó láti ọdún pípẹ́. Ó ya ẹnu, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì mí SÍTA. Funfun oògùn náà fẹ́ jáde bí èéfín níwájú rẹ̀. Kò sí èyí tó dé ẹ̀dọ̀fóró rí. Ẹ kọ́ ọ: kó gbọn ín, kó mí síta pátápátá, kó fi ẹnu dì í, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sínú díẹ̀díẹ̀, kó sì di èémí mú fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹni tí ọwọ́ àti èémí rẹ̀ ò bá lè bára mu, ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi sẹ́nu ínhélà á bá a yanjú rẹ̀.

Onítọ̀ọ ṣúgà tí ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n, kó ní ohun dídùn tó tètè ń wọ ara nítòsí. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ 4 lórí òṣùwọ̀n mmol, ìyẹn 70 lórí òṣùwọ̀n mg, tó sì lè gbé nǹkan mì, kó mu nǹkan bíi gíráàmù 15 ṣúgà, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ibi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ lọ nìyẹn.

Ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé kó jáwọ́ lójijì. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu nìyẹn. Ara tí ọtí ti mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí wárápá sì mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sì lè pa á. Ìtọ́sọ́nà dókítà la fi ń dín in kù.

Oògùn ìrora tó máa ń tán ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìgbowó, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sẹ́ni tó tún un yẹ̀ wò, àrùn ìgbàgbé tó máa ń le sí i ní àṣálẹ́: gbogbo ìwọ̀nyí ni dókítà lè tún ṣe bí ẹnì kan bá ti tọ́ka sí i.

Tí a bá ti yẹ ara wò tán tí ó sì hàn pé ìjáyà ló ń mú un, ẹ ṣàlàyé fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìjáyà máa ń ru sókè kíákíá, ó sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe bíi pé ó ti kú, ètè tó ń ta wínníwínní, mímí tó yára jù ló ń fà wọ́n. Kó máa mí wọlé díẹ̀díẹ̀, kí mímí síta sì gùn ju mímí wọlé lọ. Kó má ṣe mí sínú àpò bébà bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ó léwu fún ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń ṣe é gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa di ọ̀rọ̀ náà mú

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo ilé bá ń wò lè má rí ẹni wẹ̀ ẹ́. Ẹ pe ìpàdé kan: dókítà rẹ̀, ẹnì kan láti áńbúláǹsì, nọ́ọ̀sì ọpọlọ tó bá yẹ, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, ẹbí, àti aláìsàn fúnra rẹ̀. Kí ìpàdé tó tú ká, ẹ ti mú orúkọ ẹnì kan. Òun ló máa mọ gbogbo rẹ̀, òun ni aláìsàn máa mọ̀.

Ní Blackpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rhian Monteith tó jẹ́ òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù pe àwọn tó ń pè jù fúnra rẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nípa ìgbésí ayé wọn, kó tó kan àìsàn. Ètò tó ti ibẹ̀ jáde ti tàn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan nínú rẹ̀. Fóònù ni, àti àkókò, àti ẹnì kan náà tó ń pè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ ètò ìtọ́jú tí àjòjì lè kà ní aago méjì òru

Ojú ewé kan ó tó. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá òṣìṣẹ́ tí kò rí aláìsàn yìí rí sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ nìyí:

"Màmá fẹ́ kí ẹ máa pe òun ní Màmá, kí ẹ má pe orúkọ òun. Àyà máa ń dùn wọ́n ní àárín, kì í ràn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àṣálẹ́. Bí ọkàn wọn ṣe máa ń hàn lórí bébà ẹ̀rọ nìyí, ẹ fi wé e. Bí ìrora bá ràn dé apá, bí òógùn bá bò wọ́n, tàbí bí wọ́n bá ní 'ti òní yàtọ̀', ẹ gbé wọn lọ. Bí kò bá sí èyí, ẹ jókòó, ẹ bá wọn mí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pe nọ́ńbà yìí láàárọ̀."

Ẹ jẹ́ kí màmá fọwọ́ sí i. Ẹ fi ọ̀kan sójú kọ̀ǹpútà olùgbafóònù, kí ẹ lẹ ìkejì sára fíríìjì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún un yẹ̀ wò sísàlẹ̀ rẹ̀, torí ètò tó ti pẹ́ láìyẹ̀wò burú ju àìní ètò lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ pè é kó tó pè yín

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ara rẹ̀ ò bá yá nìkan ló ń rí ojú ènìyàn, ara rẹ̀ ò ní yéé ṣàìyá. Ẹ jẹ́ kí ìpè yín máa wá bí ara rẹ̀ yá bí kò yá. Fún màmá tí mo sọ, aago mẹ́fà ààbọ̀ la yàn. Ẹnì kan náà ló ń pè é, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Á ní kó lọ ti ìlẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀ kankan, á dúró lórí fóònù títí yóò fi gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ a dín in kù sí ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ọmọ àbúrò rẹ̀ gba èyí tó kù. Ẹ má ṣe gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá sì ṣèlérí aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ má pè ní aago méje.

Ẹni tó ń bú olùgbafóònù tàbí tó ń purọ́ ńkọ́? Wọn ò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ẹ sọ ààlà fún un pẹ̀lú sùúrù, kí gbogbo yín sì máa sọ gbólóhùn kan náà. Ẹ má ṣe dí nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́, ìgbà tí gbogbo ohun tó wà lókè yìí bá ti kùnà ni ká tó mẹ́nu bà á.

Fún ẹ̀yin ẹbí

Ẹ má ṣe gbé fóònù pa mọ́. Mo ti bá ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ pàdé, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni kò sí fóònù. Ẹ kọ ohun tí bàbá tàbí màmá lè ṣe ṣáájú ìpè sórí bébà pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ fóònù: ta ni kó kọ́kọ́ pè, oògùn wo ni kó lò, àti àwọn àmì tí kò gbọdọ̀ fi dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì ti rẹ ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé. Ìgbà tí ó bá ti rẹ olùtọ́jú ni ìpè máa ń pọ̀ sí i.

Bí a ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Ìpè tó bá dín kù dára. Àmọ́ ẹ béèrè pẹ̀lú: ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ti jáde nílé lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló bá sọ̀rọ̀? Ìpè lè dín kù torí pé a ti dójú ti ẹni náà, ìyẹn sì léwu. Ẹ máa retí pé á tún pọ̀ díẹ̀ ní àyájọ́ ọjọ́ ikú olólùfẹ́, tàbí nígbà tí ẹni tó ń pè é bá lọ sísinmi. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kí ẹ mú ẹni tó máa dúró fún un wá kó mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, màmá pe nọ́ńbà pàjáwìrì ní aago mẹ́rin ìdájí. Ó ní, "Ti òní yàtọ̀." Olùgbafóònù ka ojú ewé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rán ọkọ̀ lọ láìjiyàn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú ju ọ̀tún lọ, ó gbóná, kò ṣeé fọwọ́ kàn, èémí rẹ̀ sì ń yára. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni, ó ti ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tó padà délé, ẹni tó ń pè é ní aago mẹ́fà ààbọ̀ pè é, ó sì dúró títí ó fi gbọ́ kọ́kọ́rọ́.